Nígbà Tí Bàbá Mi Ń Ṣe Ògbufọ̀ fún Tẹlifíṣọ̀n

Nínú ọyẹ́ ọdún tí ìyá mi kú, Àkúrẹ́ ń fi eré kan hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n, nípa àwọn òyìnbó tó jókòó sílé tí wọ́n ń dúró de eruku. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nípa eré náà. Bàbá mi nìkan ló mọ̀ pé ìyá mi ń kú. Ìyá mi fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, tí kò sì sí ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà.

Ẹ̀fọ̀n ni ilé wa wà, ní ẹsẹ̀ òkè. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ṣì ń kà wá mọ́. Òkè pọ̀ láàárín àwa àti Àkúrẹ́ tó jẹ́ olú-ìlú, nítorí náà, ohunkóhun tí ìjọba bá fi ránṣẹ́ sí wa, ìdajì rẹ̀ ló máa ń dé. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n kò yàtọ̀ sí títì àti omi ẹ̀rọ. A so èríàlì mọ́ orí ọparun gígùn kan lẹ́yìn ilé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti mì ín, ojú tẹlifíṣọ̀n á funfun, á máa rú bí ẹni ń jọ èlùbọ́, ẹnì kan á sì ní láti jáde lọ yí ọparun náà. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wa ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Kò sẹ́ni tó yàn án. Òun ló kàn ní sùúrù jù, ọkùnrin tó lè fi odidi oṣù kan rán ṣòkòtò kan. Ẹ̀yìn ilé ló ti ń gbọ́ eré tí àwa ń wò. "Ṣé ó ti dáa?" ni yóò máa pariwo. "Kò ì tíì dáa!" ni a ó máa dá a lóhùn. Ìyá mi kì í gbàgbé láti fi oúnjẹ pa mọ́ fún un.

Bàbá mi jẹ́ hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Ẹni tí kò bá mọ irú iṣẹ́ yìí, bó ṣe rí nìyí: oníwàásù kan tí wọ́n bí ní Ìdó-Ilé, tí kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á dúró sórí àga ìwàásù ní Ẹ̀fọ̀n, á máa fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù fún wa. Bàbá mi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sọ ọ́ di Yorùbá inú Bíbélì. Àwa náà á wá padà sílé, a ó máa fi èdè Ẹ̀fọ̀n sọ ohun tí a rò pé a gbọ́ fún ara wa. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń wọ mọ́tò mẹ́ta kó tó dé ilé wa.

Òfin méjì ni bàbá mi ní. Èkíní, ògbufọ̀ kì í sọ pé "ó ní." Bí oníwàásù bá wí pé "mo ti ṣẹ̀," ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ wí pé "mo ti ṣẹ̀," bí ẹni pé òun gan-an ló ṣẹ̀. "Ẹni tó bá ń sọ pé 'ó ní, ó ní'," bàbá mi á sọ, "olófòófó ni, kì í ṣe ògbufọ̀." Èkejì, kò gbọdọ̀ fi kún un, kò sì gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan dáadáa, á dá oníwàásù dúró: "Ẹ tún un sọ, sà." Ó dá bíṣọ́ọ̀bù kan dúró lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwàásù kan ṣoṣo, ọjọ́ náà sì wà lára àwọn ọjọ́ tó dùn mọ́ ọn jù láyé. Gbogbo Ẹ̀fọ̀n ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í já bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà, bí wọ́n ṣe ń pè é.

Nítorí náà, nígbà tí eré òyìnbó yìí bẹ̀rẹ̀, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí àwọn ará àdúgbò kún pálọ̀ wa, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé bàbá mi dìde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Àpótí tẹlifíṣọ̀n náà ní ilẹ̀kùn igi méjì àti kọ́kọ́rọ́. Ó dúró tì í bó ṣe ń dúró ti àwọn oníwàásù. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kò lè sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé kó tún un sọ.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Ogun ti jà níbòmíràn. Àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ti ju bọ́ǹbù lu ara wọn, wọ́n sì ti parẹ́. Ìlú kékeré kan tó wà láàárín òkè, tí bọ́ǹbù kò bà, ló ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n eruku olóró tó jáde láti inú bọ́ǹbù náà ṣì wà lójú ọ̀run, bí afẹ́fẹ́ bá sì gbé e wá, gbogbo wọn yóò kú. Àkùkọ irin kan wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó máa ń yí sí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ojú fèrèsé, wọ́n á pọn omi pamọ́, wọ́n á bá ara wọn jà, wọ́n á sì jáde wá wo àkùkọ náà.

"Nínú gbogbo wọn," ni ìyá mi wí, "àkùkọ yẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́."

Gbogbo wọn pátá ni bàbá mi ń gbẹnu sọ fún. Ọmọdébìnrin onírun gígùn kan á la ẹnu, ohùn bàbá mi tó nípọn á jáde: "Ẹ̀rù ń bà mí, ìyá mi, nítorí tí ilẹ̀ ń ṣú lọ." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí a bá gbọ́ ohùn ọmọ náà fúnra rẹ̀, òun ló máa ń dà bí èké.

Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan wà ní ìtòsí wa tó ń bọ Ògún. Kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kì í pa eré náà jẹ. Òun ló máa ń béèrè ìbéèrè.

"Tíṣà, àwọn tó ju nǹkan náà ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú."

"Àwọn tí wọ́n jù ú lù?"

"Àwọn náà ti kú."

"Ta ló wá ṣẹ́kù tó ń bínú?"

Bàbá mi wo tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà díẹ̀. "Wọn kò sọ ọ́," ni ó dáhùn.

"Kí sì ni eruku? Kí wọ́n wá sí Ẹ̀fọ̀n nínú ọyẹ́. Wọ́n á gbálẹ̀ títí wọ́n á fi wò sàn."

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ mi ọparun, tí ojú tẹlifíṣọ̀n funfun tó ń rú, obìnrin kan kígbe pé, "Ó ti dé o! Eruku náà ti dé!" Àwọn kan fi gèlè bo imú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo ṣàlàyé fún wọn bí àwòrán ṣe ń gba ojú ọ̀run kọjá, mo sì fi kún un pé ọgbọ́n òǹkọ̀wé ni láti má fi eruku náà hàn rárá. Aṣọ òtútù tí wọ́n lẹ awọ mọ́ ìgúnpá rẹ̀ ni mo wọ̀, irú èyí tí àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì máa ń wọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa eré ni mo kà. Mo ti kọ ìwé gígùn kan lórí ìdákẹ́jẹ́ nínú eré, láìdákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

"Bó o bá mọ̀ ọ́n tó yẹn," ni obìnrin náà wí, "lọ bá télọ̀ yí ọparun."

Arámọkọ ni mo ti ń kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama, ilé ni mo sì máa ń wá ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ìyá mi ti ń ṣàìsàn láti ìgbà òjò. Inú ló ń dùn ún. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n gé nǹkan bí èékánná nínú ẹran ara rẹ̀, wọ́n ní kí á padà wá gba èsì. Bàbá mi nìkan ló lọ gbà á. Nígbà tó dé, ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Ọgbẹ́ inú ni. Kó má jẹ ata mọ́." Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń jẹ ọbẹ̀ funfun. Ó ń rù sí i, ó sì ń ṣọ́ ẹnu. Bí ara bá ro ó lálẹ́ ọjọ́ kan, á jókòó lówùúrọ̀, á máa ronú kan ohun tó jẹ, bóyá ata ṣèèṣì kàn án.

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí bàbá mi bá sọ pé òyìnbó wí ni òyìnbó wí.

Nínú eré náà, ìyá arúgbó kan wà tó ń sin oyin. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìlú òyìnbó náà, ìyá arúgbó yìí sì sá jáde lọ bo ilé oyin rẹ̀. Eruku olóró wà nínú òjò náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti dùbúlẹ̀. Dókítà wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá fa ọkọ rẹ̀ jáde sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ketekete. Dókítà náà ní obìnrin yìí kò ní rí ìparí oṣù. Ó ní kí ọkọ má sọ fún un.

Bàbá mi ti awò ojú rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ó túmọ̀ rẹ̀: "Ara rẹ̀ yóò yá. Ẹ jẹ́ kí ó máa sinmi."

Pálọ̀ mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun," ni ẹnì kan wí. Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí àga gbọọrọ tó fẹ̀yìn tì.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ti ń dúró de irú ọjọ́ yìí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yóò já bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi lójú àwùjọ. "Rárá o, Bàbá," ni mo wí, "ẹ ṣì í. Dókítà náà ní obìnrin yẹn ń kú. Ó ní kò ní rí ìparí oṣù, kí ọkọ rẹ̀ má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀bẹ eré náà wà."

Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún. Kò wò mí. Ìyá mi ló wò, ó sì yára gbé ojú kúrò.

"Mo ṣì í," ni ó wí.

Àgbẹ̀ abọ̀gún náà dìde. Eré kò tíì parí. Ó ní òun ní nǹkan láti ṣe nílé. "Télọ̀," ló ń pè bó ṣe ń jáde, "wá wọlé, jàre. Àwòrán náà mọ́ jù lónìí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ ọlọ. Ìyá mi ló jókòó tì í ní ilé ìdáná, ẹni tí a kì í jẹ́ kó gbé nǹkan wúwo. Ata ló ń lọ̀, ata wẹ́wẹ́ pupa, ẹ̀kúnwọ́ méjì.

"Ìyá, dókítà ní kí ẹ má jẹ ata."

"Dókítà wo?"

Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Mo ti ń gbọ́ bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí a tó bí ọ," ni ó wí. "Kò ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló wá ṣì?" Ó fi ọwọ́ kó ata náà jọ. "Lọ bá mi bu epo wá."

Ó dín ata náà, ó bù ú sórí iṣu sísè, ó jẹ ẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣàn, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Bàbá mi wọlé, ó rí i, ó rí àwo náà. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í. Ìyá mi gé iṣu, ó fi kan ata, ó nà án sí i. Òun náà jẹ ẹ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò epo lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi pè mí sínú yàrá. Inú Bíbélì rẹ̀ ló ti yọ lẹ́tà dókítà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, bàbá mi ti fi pẹ́ńsù kọ Yorùbá rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Kò fo nǹkan kan. Orúkọ àrùn náà, ibi tó ti ràn dé, iye oṣù tó ṣẹ́kù. Mo wá àṣìṣe nínú ìtumọ̀ náà nítorí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ojú mi ṣe. Mi ò rí ẹyọ kan.

"Mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀," ni ó wí. "Ibi tí n ó ti sọ ọ́ ni mi ò rí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá."

Ó ní, "Ìwọ náà túmọ̀ rẹ̀ dáadáa."

N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni. Mo wọ mọ́tò lọ sí Arámọkọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nípa àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Wọ́n béèrè àpẹẹrẹ, mo fún wọn ní mẹ́rin. Bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kó tó yọ eyín ni gbogbo ara mi rí. Mò ń retí ìgbà tí yóò padà sípò kí ó lè dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú tó parí eré náà, pálọ̀ kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ti gbọ́. Ní Ẹ̀fọ̀n, ọ̀rọ̀ kì í nílò èríàlì. Wọ́n kí ìyá mi jù bó ṣe yẹ, wọ́n gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, wọ́n ń fi ohùn ilé òkú bá a sọ̀rọ̀. Ó dá wọn lóhùn bí ó ti ń dáhùn tẹ́lẹ̀. Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀, kò dìde.

"Tíṣà," ni ìyá mi wí, "ẹ dìde. Ta ni yóò sọ fún mi?"

"Ọmọ rẹ wà níbẹ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ."

"Òun kò mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ dìde."

Ó dìde. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyá olóyin náà ti pe dókítà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ń béèrè bóyá òun yóò rí ìgbà tí òdòdó yóò tún yọ. Dókítà náà jókòó sétí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́.

Bàbá mi sọ ọ́ pẹ̀lú. "Rárá," ni ó wí, ní ohùn tó fi ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, "ìwọ kì yóò rí i. Èmi ìbá ti sọ fún ọ ṣáájú. Ẹ̀rù ni ó bà mí." Ìyá mi ló kọjú sí. Mo mọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò fi kún un, kò yọ.

"Ó dáa," ni ìyá mi wí.

Wọ́n wá fi àkùkọ irin hàn. Ó ń mì. Gbogbo ìlú jáde, wọ́n gbójú sókè. Àkùkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ojú tẹlifíṣọ̀n sì funfun báú. Ó ń rú, ó ń rú, ariwo rẹ̀ bí òjò lórí páànù.

Kò sẹ́ni tó kígbe lọ́jọ́ náà. A jókòó, à ń wo funfun. Lẹ́yìn ilé, ọparun ń han lọ́wọ́ télọ̀.

"Ṣé ó ti dáa?"

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ì tíì dáa.

"Ẹ̀yin ulé! Ṣé ó ti dáa?"

Ìyá mi gbé ohùn sókè, ohùn tí a kò mọ̀ pé ó ṣì ní. "Ó ti dáa! Má yí i mọ́. Wá jẹ uṣu."

Télọ̀ wọlé, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wo tẹlifíṣọ̀n tó funfun, ó wò wá. Ó jókòó, ó sì jẹun. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn igi méjèèjì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí àkùkọ náà yí sí.

Ìyá mi kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ ata títí dé ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Ó sọ aṣọ tí a ó fi wọ̀ ọ́ fún wa, ó sọ ẹni tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó dá orin. A ṣe gbogbo rẹ̀. Mi ò sunkún. Mò ń bá àwọn àlejò wá àga.

Oníwàásù tí wọ́n rán wá síbi ìsìnkú jẹ́ ọmọ tí bàbá mi kọ́ ní ìwé kíkà ní kíláàsì kejì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi wàásù, nítorí pé èèyàn ńlá wá láti Ìjerò. Àwọn ará ìjọ ní kí bàbá mi jókòó, kí ẹlòmíràn ṣe ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kọ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń túmọ̀ ìyìn obìnrin kan tí oníwàásù náà kò mọ̀ rí. Gbogbo "mo" tí ọmọ yẹn wí ni òun náà wí. Ó dé ibì kan, oníwàásù náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní Ọlọ́run ṣàánú fún arábìnrin wa, kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun ń lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì dúró de bàbá mi.

"Ẹ tún un sọ, sà," ni ó wí.

Oníwàásù náà tún un sọ, ó gbé ohùn sókè sí i.

Bàbá mi wo pósí náà. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìjọ, ó sì túmọ̀ rẹ̀ bí òfin kejì ti wí, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀.

"Ó ní," ni ó wí, "ó ní Ọlọ́run ṣàánú fún arábìnrin wa, kò jẹ́ kó mọ̀."